Rélùwéè Tó Gbé Ṣọ́ọ̀bù Mi Dé Ugbowo

Iyaro, Benin City.
Ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Morẹ́nikẹ́, Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn kò ro mí,

Bí ìwé yìí bá bá ọ nínú ọkọ̀ ojú irin, dákun, dì í padà sínú báàgì rẹ. Ó gùn ju ọ̀nà Agége sí Ìddó lọ, mi ò sì fẹ́ kí o tìtorí mi kọjá ibi tí o ń lọ. Tí o bá délé, tí o bá jẹun tán, kí o wá jókòó kà á. Ara gbogbo wa le. Bàbá rẹ wà ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àbúrò rẹ ń fi Pidgin bá ara wọn jà ní ẹ̀yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo ti ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́ra, mo sì ti pinnu pé ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́, mi ò ní tún un sọ mọ́.

Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ lo ti ṣe láti kékeré: èmi á ní, "Nikẹ́, wá jẹun," ìwọ á ní, "Mummy, I dey come." Kò burú. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá tèmi fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè fi èdè mìíràn sọ ọ́ kí ó dùn. Ibi tó bá le jù fún ọ, mú un tọ Àǹtí Dúpẹ́ lọ.

Àǹtí Dúpẹ́ náà kúkú ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àbúrò mi yẹn wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè bí ọmọ mi ṣe ń ṣe nínú ilé rẹ̀ ní Agége. Ó ní o ò ṣe nǹkan kan tó burú, o ń fọ abọ́, o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o kì í pẹ́ níta. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ọmọ yín ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ o."

Mo ní kó máa bá a lọ. Ó ní o máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége bíi gbogbo òṣìṣẹ́, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá dé Ìddó, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ ń rìn lọ gba orí afárá sí Èkó, ìwọ á dá takisí dúró. Kí takisí lè já ọ sílẹ̀ gan-an lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, níṣojú àwọn sìsí tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè máa rò pé Ìkòyí lo ti ń bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, takisí á tún gbé ọ padà sí Ìddó, wàá sì yọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tó jí ẹran.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo rántí lẹ́tà rẹ tó dé ṣáájú, èyí tí o fi sọ pé owó oṣù kì í tó ọ, pé kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́. Inú bí mi gan-an. Mo lọ jẹ ẹ̀bà. Nígbà tí mo jẹun tán, ìbínú ti lọ, ó ku ọ̀rọ̀.

Àjọkẹ́, ṣé o rántí ohun tó gbé ọ lọ sí Èkó? Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ní gáréèjì Iyaro níbí, báàgì rẹ wà lórí itan rẹ: "Mummy, na the machine carry me go." Maṣíìnì tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà ni o ń sọ, irú èyí tí màmá kan tó ń hun súwẹ́tà ní GRA fi kọ́ ọ níṣẹ́. O ní wàá ṣiṣẹ́, wàá tọ́jú owó, wàá ra tìrẹ, wàá sì padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Ugbowo, kí o máa hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ ilé ìwé de ìgbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo lọ bá Bàbá Osaro, onílé wa, nítorí yàrá tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó wò mí títí, ó ní, "Mama Nike, because na you, I go hold am reach Christmas. After Christmas, I no promise o."

Láti ọjọ́ náà, onífọ́tò ti béèrè yàrá yẹn, obìnrin tó ń ta ìwé ti béèrè rẹ̀. Mo ṣì ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni pé o ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, má rò pé takisí ló ń dùn mí. Yàrá yẹn ni. Bí Kérésìmesì bá dé tí o kò ní maṣíìnì, onífọ́tò ló máa gbà á, ìwọ yóò sì wà ní Èkó tí wàá máa gun takisí. Mi ò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo fi ránṣẹ́, èmi tí mo sì ń gbà ọ́ nímọ̀ràn ti wọ ọkọ̀ yẹn ṣáájú rẹ. Mo wọ̀ ọ́, mo sì jèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Èkó láti Iléṣà, mo kéré sí ọ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbà mí sílé ní Agége, nítorí pé owó yàrá ní Èkó gan-an, ẹni tó bá gbọ́ ọ á di etí. Mo ń tẹ tàìpù ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá ọ̀sà. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, mo ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ọmọ òṣómàáló ni wá, ìwọ náà mọ̀. Àwọn bàbá wa máa ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ lóṣòó kó owó jọ kò yẹ kó wà lórí ìdúró ná an. Àmọ́ èmi náà ná an o. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ná an, kí o lè mọ ibi tí kòtò wà.

Èkíní ni ti tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì olóṣù kan wà nígbà náà, ó sì pọ́ọ́kú ju tojoojúmọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n o ní láti san gbogbo owó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo owó yẹn, ó tóbi lójú mi. Mo ní kí n máa rà á lójoojúmọ́, owó wẹ́wẹ́ kì í dunni. Nígbà tí oṣù bá ti ń lọ sópin, owó wẹ́wẹ́ náà ti tán, màá wá máa wá ẹni tó máa yá mi ní owó ọkọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe òmùgọ̀ yìí. Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá gba owó oṣù, kí o tó ra ọṣẹ, kí o tó ra ohunkóhun, lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù. Tí o bá ti rà á tán, bí ebi bá tilẹ̀ ń pa ọ, wàá dé ibi iṣẹ́, ẹni tó bá sì dé ibi iṣẹ́ kò ní kú sílé.

Èkejì ni ti ẹnu. Ọmọ mi, mo ní ẹnu nígbà yẹn! Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni àwọn olùtajà máa ń sáré wá sí ojú fèrèsé: ẹ̀pà sísè, àgbàdo sísun, ọsàn bíbó, burẹ́dì Agége tó ṣì gbóná. Téṣọ̀n kan kì í kọjá kí n má na ọwọ́ jáde. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo ti rí owó pa mọ́ torí pé mi ò wọ bọ́ọ̀sì, nítorí náà mo lè jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Owó tí mo gbà lọ́wọ́ onímọ́tò, mo kó o fún ẹlẹ́pà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ò tíì dàgbà, mo ti ń ru igbá.

Ohun tó gbà mí rèé, fi í ṣe àmúlò. Ẹ̀gbẹ́ kan ni pèpéle tí èrò ń dúró sí máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ kan náà sì ni àwọn olùtajà máa ń wà. Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, mo lọ ń jókòó sí òdìkejì, ibi tó jẹ́ pé koríko àti ẹ̀yìnkùlé onílé ni mò ń rí. Mo ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kí n tó kúrò nílé, mo sì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán nínú abọ́ onídèérí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, ọrùn mi ń yí padà síbi àgbàdo fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà sún mọ́ mi. Àwa tí a jọ ń wọ kóòṣì kẹta, ìyẹn yàrá kẹta nínú ọkọ̀ ojú irin, láràárọ̀ di ẹbí. Àgbàlagbà kan tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ló jẹ́ olórí wa. A ń pè é ní Bàbá Kóòṣì. Òun ló ń gbàdúrà fún wa tí ọkọ̀ bá ti gbéra, òun náà ló sì ń gba èsúsú wa ní ìparí oṣù. Méjìlá ni wá, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lóṣù kan, yóò sì yí ká láàárín ọdún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo bẹ Bàbá Kóòṣì, mo kúnlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n kó o ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Sìsí, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní nǹkan pàtàkì ni. Ó gbà fún mi. Morẹ́nikẹ́, aago ọwọ́ aláwọ̀ wúrà ni mo fi rà, kí n lè máa gbé ọwọ́ sókè ní ọ́fíìsì bí ẹnì kan bá béèrè pé aago mélòó ló lù. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ń dá owó yẹn padà fún àwọn yòókù, tí mi ò rí nǹkan kan kó mọ́. Aago náà kú kí n tó dá a tán. Mo ṣì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó bá béèrè aago, màá wo ojú oòrùn.

Nígbà tí ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Bàbá Kóòṣì pè mí. Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èsúsú, gbèsè ló kó. Ẹni tó bá kó o kẹ́yìn, owó ló kó." Mo ní kó fi mí sí ìkẹyìn pátápátá. Ó ní ṣé mo lè ní sùúrù? Mo ní ṣebí àwọn baba mi lóṣòó. Gbogbo kóòṣì rẹ́rìn-ín. Mo lóṣòó ti owó mi fún ọdún kan gbáko, oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo ń wo ẹlòmíràn tó ń kó o, tí mò ń kí i kú oríire, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ejò ṣe ń gun àgbọn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ti bàtà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe mú bíìrò. Èmi náà ní sìsí ní ọ́fíìsì tèmi. Mo máa ń fi sílípáàsì rìn gba orí afárá, bàtà gogoro mi wà nínú báàgì, kí ó má baà tètè jẹ. Tí mo bá fẹ́ dé ọ́fíìsì ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi kan. Lọ́jọ́ kan, àwọn sìsí yẹn bá mi lábẹ́ igi náà, ẹsẹ̀ kan nínú sílípáàsì, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà gogoro. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ah-ah! So na train you dey take? Miss Railway!" Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ro ó pé kí n máa wọ takisí. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ kóòṣì kẹta lálẹ́, mo wo àwọn èèyàn mi, ẹni tó ń sùn, ẹni tó ń ka Bíbélì, Bàbá Kóòṣì tó ń bó ọsàn fún gbogbo wa, mo bi ara mi léèrè pé ta ni mò ń tìjú gan-an? Ṣé àwọn wọ̀nyí tí a jọ ń dá owó, àbí àwọn sìsí tí wọn ò fún mi ní tọ́rọ́ rí? Láti ọjọ́ kejì, tí wọ́n bá ti ní "Miss Rélùwéè", màá ní "Sà!" Nígbà tó yá, ó sú wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o gbọ́ mi dáadáa lórí takisí yìí. Kì í ṣe ọkọ̀ ni o ń sanwó fún, irọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin ní tíkẹ́ẹ̀tì olóṣù, irọ́ ò ní. Ojoojúmọ́ ni wàá máa san owó rẹ̀ pé. Bí o bá ra aṣọ Ìkòyí mọ́ ọn, wọ́n á béèrè ilé. Bí o bá ní ilé wà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wá kí ọ. Níbo lo fẹ́ kó wọn lọ, nínú yàrá Àǹtí Dúpẹ́ tí ewúrẹ́ ń ki ẹnu bọ fèrèsé? Ní Mọ́ńdè, kí o fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá béèrè, sọ pé Agége lò ń gbé, rélùwéè lo wọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, kí o bá wọn rín in.

Ó wá kan ti ìdùnnú, jẹ́ kí n ti aṣọ mi sókè kí n tó sọ ọ́.

Oṣù tó kẹ́yìn pé. Bàbá Kóòṣì kó owó náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ òṣómàáló, dìde." Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ sí ilé ìtajà kan ní Èkó, mo ra ẹ̀rọ tàìpù tèmi. Tèmi! Kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Alábàárù ní kí n mú owó wá, mo ní kó máa lọ. Mo ká gèlè mi ní òṣùká, mo gbé e rù, mo gba orí afárá pẹ̀lú rẹ̀, àwọn sìsí yẹn ń wò mí lẹ́yìn, mi ò sì wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo wọ kóòṣì kẹta, wọ́n hó yèè! Ibi gbogbo kún. Ọkùnrin gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé e síbí." Mo gbé tàìpù síbẹ̀, èmi dúró. Àfi bí ayẹ-tíkẹ́ẹ̀tì-wò ṣe dé. Ó ní ìjókòó kì í ṣe ti ẹrù. Mo jókòó, mo gbé e lé itan. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n san owó ẹrù.

Bàbá Kóòṣì dìde. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa ń gba owó ẹrù lórí ọmọ tí ìyá gbé lé itan?"

Ó ní rárá.

"Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún kan ló fi lóyún rẹ̀, gbogbo wa la jọ gbẹ̀bí. Ẹ wo bó ṣe jọ ọ́."

Kóòṣì dà rú fún ẹ̀rín. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti le ojú, kò lè le é mọ́. Ó fi ọwọ́ kan tàìpù náà, ó ní, "Kí ni orúkọ ọmọ?" Mo ní, "Adétutù." Ó ní Ọlọ́run yóò wò ó, ó sì kọjá lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìdúpẹ́, wọ́n ń lu pákó ìjókòó, láti Yábàá títí dé Agége. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, ìwọ ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ìkómọ tèmi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin gíga yẹn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti Ìddó títí tí a fi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sí Agége pẹ̀lú ìwé kan, ó ní òun fẹ́ kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ, mi ò sì tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe títí dòní. Bàbá rẹ nìyẹn. Títí di ìsinsìnyí, ó ń sọ pé èmi ni òun dìde fún. Irọ́ ni. Tàìpù ló dìde fún.

Nígbà tí báńkì gbé bàbá rẹ wá sí Benin, Adétutù wà lórí ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀, ìwọ sì wà nínú oyún. Ìwọ fúnra rẹ mọ ohun tó ti ṣe níbí. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ugbowo tó ti kọjá lábẹ́ ìka mi, mi ò lè kà á. Àwọn kan nínú wọn ti di dókítà, wọ́n ṣì ń kí mi ní "Mama Typing" lójú títì. Owó ilé ìwé yín jáde lábẹ́ ìka yìí. Ẹ̀pà ni mi ò jẹ, Àjọkẹ́. Ẹ̀pà tí mi ò jẹ ló di ilé ìwé yín.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni mo wà? Kò sí bó ṣe jẹ́. Má di ahun. Ẹni tó ń tọ́jú owó yàtọ̀ sí ẹni tí owó ń tọ́jú. Bí ẹnì kan nínú kóòṣì yín bá bímọ, dá owó. Bí o bá gba owó oṣù, ra nǹkan kékeré lọ fún Àǹtí Dúpẹ́, kò ní béèrè, àmọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo tíkẹ́ẹ̀tì oṣù rẹ, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú wa. Orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀.

Àǹtí Dúpẹ́ ní àwọn èèyàn ọkọ̀ àárọ̀ ṣì ń dá èsúsú. Obìnrin kan ládùúgbò yín ló ń gbà á, tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù yìí, yóò sì parí nígbà tí Kérésìmesì bá ku díẹ̀. Tọ obìnrin yẹn lọ. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, má fi Gẹ̀ẹ́sì kí i. Sọ fún un pé owó takisí lo fẹ́ máa dá, kí ó sì fi ọ́ sí ìkẹyìn pátápátá. Bí ó bá béèrè pé ṣé o lè ní sùúrù, sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún un.

Ọjọ́ tí o bá kó o, pe bàbá rẹ lórí tẹlifóònù ní báńkì. Màá ti ṣọ́ọ̀bù pa, màá sì wọ ọkọ̀ ní Iyaro. A ó jọ lọ ra maṣíìnì náà, a ó jọ wọ ọkọ̀ ojú irin, orí mi ṣì le. Bí ayẹ-tíkẹ́ẹ̀tì-wò bá béèrè owó ẹrù, fi í sílẹ̀ fún mi.

Ohun kan ló kù. O ti máa ń béèrè láti kékeré pé kí ló dé tí mo ní kí wọ́n ya ọkọ̀ ojú irin sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, nígbà tí kò sí ojú irin ní gbogbo Benin. Mo máa ń lé ọ pé kí o lọ ka ìwé rẹ. Ó ti wá yé ọ báyìí. Ẹni tó yà á kò rí rélùwéè rí láyé rẹ̀. Ó bi mí, "Madam, how many tyre e get?" Mo ní, "Plenty." Mi ò mọ̀ pé táyà onírọ́bà ló máa fi sí i. Ó ti gbẹ kí n tó rí i, bí a ṣe ń gbé e kiri nìyẹn.

Lánàá, mo tún pe ọkùnrin náà. Mo ní kó so kóòṣì kejì mọ́ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, kí ó gba ara ògiri kọjá sórí ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo yẹn. Ó ti fi ẹfun fa ìlà rẹ̀. Bàbá Osaro wá wò ó, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ayàwòrán má tíì kun ún, ó di ọjọ́ tí maṣíìnì bá sọ̀ kalẹ̀ ní Iyaro. Ó wà níbẹ̀ báyìí, ẹfun lásán, ó ń dúró dè ọ́. Má jẹ́ kí òjò wẹ̀ ẹ́ nù.

Ó tún ti fi táyà sí i. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Miss Rélùwéè.